George Safford Parker, Olùkọ́ tí Ó Ń Tún Gègé Ṣe

Nínú gbogbo ohun èlò olùkọ́, kò sí èyí tí ó súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó gègé. Ẹfun a máa sùn ní iyàrá ẹ̀kọ́, pátákó a máa dúró lára ògiri, ṣùgbọ́n gègé a máa bá olùkọ́ lọ sí ilé, a sì máa bá a jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nígbà tí ó bá ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé olùkọ́ ni ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀kan nínú àwọn gègé tí ó lókìkí jù lọ ní ayé, àti pé ìráhùn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mú un fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. George Safford Parker ni orúkọ ọkùnrin yìí. A rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀. Ní ìkẹyìn a ó fi kún un bí ẹni tí kò tí ì tún gègé ṣe rí ṣe lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gègé àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ìdí iṣẹ́ àtúnṣe ni gbogbo ọlá Parker ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1863 ni a bí i ní Shullsburg, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ogun abẹ́lé láàárín àwọn ará Àríwá àti àwọn ará Gúúsù ilẹ̀ náà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861 tí kò sì parí títí di 1865, ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Oko ni ó gbé dàgbà, ní ìpínlẹ̀ Iowa tí ó bá Wisconsin pààlà ní ìwọ̀-oòrùn. Iṣẹ́ oko kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọkùnrin yìí ń fà sí ọ̀nà jíjìn. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ayé. Ní àkókò náà ojú irin ń tàn káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibi tí ojú irin bá sì dé, wáyà tẹligíráàfù a dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ wáyà lè ti ìlú kan dé òmíràn kí ó sì rí oúnjẹ jẹ níbikíbi. Nítorí náà ni Parker ṣe lọ sí Janesville, ní Wisconsin, sí ilé-ẹ̀kọ́ tẹligíráàfù ti àwọn Valentine, láti kọ́ iṣẹ́ náà.

Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé wọ́n sọ ọ́ di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ rìn ká ayé ṣe wá bá ara rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ń kọ́ wọn bí a ti í gbọ́ ìró wáyà. Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ yìí díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ni. Ìró kúkúrú àti ìró gígùn ni ọ̀rọ̀ fi ń gba orí wáyà kọjá. Ìró kan tàbí púpọ̀ a dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó jókòó ní òpin wáyà a máa tẹ́ etí, a sì máa kọ ohun tí ó ń gbọ́ sílẹ̀ lójú kan náà. Ìró kì í dúró de akọ̀wé. Bí gègé bá gbẹ ní àárín ọ̀rọ̀, tàbí tí tàdáwà bá dà sórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti sọnù nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, tàbí ọ̀rọ̀ owó, tàbí ìkìlọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin méjì ń pàdé ara wọn lórí ojú irin kan. Fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, gègé tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Báwo ni gègé ti rí ní àkókò náà? Láti ìgbà pípẹ́, gègé tí a ń tẹ̀ bọ inú ìgò tàdáwà ni gbogbo ayé ń lò. Bí ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò tún tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbìyànjú láti ṣe gègé tí yóò máa gbé tàdáwà sínú ara rẹ̀, èyí tí a ń pè ní fáúntéènì. Ọ̀kan nínú wọn ni Petrache Poenaru, ọmọ ilẹ̀ Romania, ẹni tí ìjọba ilẹ̀ Faransé fún ní ìwé-àṣẹ lórí irú gègé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1827. Ní ọdún 1884, Lewis Waterman ní New York gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà tí yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé bí tàdáwà ti ń jáde. Inú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni ìṣòro náà wà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọ inú gègé, tàdáwà kò lè jáde, gẹ́gẹ́ bí epo kò ti í dà dáadáa láti inú agolo tí a lu ihò kan ṣoṣo sí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì wọ inú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tàdáwà a tú jáde lẹ́ẹ̀kan, a sì ba ìwé àti aṣọ jẹ́. Láàárín àṣejù méjèèjì yìí ni gègé àkókò náà ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Owó oṣù Parker kéré. Láti lè ní díẹ̀ kún un, ó gbà láti máa ta gègé John Holland, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Cincinnati, fún àwọn ọmọ tí ó ń kọ́. Àwọn ọmọ náà rà á, nítorí wọ́n gbẹ́kẹ̀lé olùkọ́ wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gègé wọn padà wá. Ti ẹnìkan ń jò, ti ẹlòmíràn kò kọ; ìka ọwọ́ ẹlòmíràn ti dúdú fún tàdáwà.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa fara balẹ̀ sí. Parker kọ́ ni ó ṣe gègé wọ̀nyẹn. Èrè tirẹ̀ lórí wọn ti wọ àpò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdáre pọ̀ lẹ́nu ọlọ́jà, kò sì sí òfin tí ó lè mú un bí ó bá ní kí àwọn ọmọ náà kọ ìwé sí Cincinnati. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà lè ta ọjà kí ó má sì rí oníbàárà mọ́ títí ayé. Olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú àwọn ọmọ kan náà ni yóò tún rí. Bí wọn kò bá lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí gègé, báwo ni wọn yóò ṣe gbà á gbọ́ lórí ẹ̀kọ́? Parker gba àwọn gègé náà lọ́wọ́ wọn, ó kó àwọn irinṣẹ́ kékeré jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe fúnra rẹ̀.

Àtúnṣe yìí ni ó wá di ilé-ẹ̀kọ́ fún olùkọ́. Ẹni tí ó ń ṣe gègé ní Cincinnati ń rí i nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun. Parker ní tirẹ̀ ń rí i lẹ́yìn tí ọwọ́ akọ̀wé ti dán an wò. Ó tú gègé kan, ó tú òmíràn. Ó rí i pé àbùkù wọn kì í ṣe mẹ́wàá, àwọn àbùkù díẹ̀ kan náà ni ó ń padà wá lójoojúmọ́. Ó mọ ibi tí tàdáwà ń gbà sá, ó mọ ibi tí ó ń dì sí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí ó ti tún ti àwọn ẹlòmíràn ṣe pẹ́, ó hàn sí i pé òun lè ṣe èyí tí kò ní nílò àtúnṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1888 ni a kà sí ọdún tí iṣẹ́ gègé Parker bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1889, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́ lórí gègé tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ kì í ra irin, kì í sì í san owó fún alágbàṣe. Owó ni ó kù. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Palmer, tí ń ṣe iṣẹ́ adójútòfò, ni ó mú dọ́là 1,000 wá, tí ó sì gba ìdajì ilé-iṣẹ́ náà. Ìdajì ohun tí ènìyàn fi òru rẹ̀ ṣe kì í ṣe ohun kékeré láti fi fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n Parker mọ̀ pé ìdajì ohun tí ó ń dàgbà sàn ju odindi ohun tí ó ń rọ lọ. Ní ọdún 1892 ni wọ́n fi orúkọ Ilé-iṣẹ́ Gègé Parker sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Janesville.

Ní ọdún 1894 ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí ohun tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀. Nígbà tí a bá fi gègé sínú àpò ẹ̀wù pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ sókè, tàdáwà díẹ̀ a máa kù sínú ojú ọ̀nà tóóró tí ó wà lábẹ́ ẹnu náà. Ooru ara ènìyàn a mú kí afẹ́fẹ́ inú gègé wú. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti wú, yóò ti tàdáwà tí ó kù náà jáde sínú ìdérí. Nígbà tí olówó gègé bá ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ aláró. Parker mú igi kékeré tí ó gbé ojú ọ̀nà náà, ó sì tẹ ìdí rẹ̀ kọrọdọ, tí ó fi kan ara ògiri inú gègé. Nígbà tí ó kan ògiri bẹ́ẹ̀, tàdáwà tí ó kù sókè a máa fà tẹ̀lé ìtẹ̀ náà padà sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo ti í fà tẹ̀lé òwú àtùpà. Ó pè é ní Lucky Curve, èyí tí a lè pè ní Ìtẹ̀ Olóríire. Ẹ wò ó bí kò ti fi ẹ̀rọ kan kún gègé. Ohun tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó ti tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún gègé nìkan ni ó lè mọ̀ pé ibi kékeré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbòòrò. Ọmọ oko tí ó fẹ́ rí ayé wá rí i nítòótọ́, nítorí ó rin ìrìn-àjò púpọ̀ ká ilẹ̀ òkèèrè láti wá àwọn tí yóò máa ta gègé rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ti 1914 sí 1918, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gègé kan fún àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú yàrà ogun. Tàdáwà gbígbẹ bí ègé oògùn wà ní ìdí gègé náà. Ọmọ ogun a jù ú sínú omi díẹ̀, tàdáwà a sì dé, kí ó lè kọ ìwé sí ìyá rẹ̀ láìwá ìgò.

Ní ọdún 1921 ni gègé tí a mọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jáde, èyí tí ń jẹ́ Duofold. Dúdú ni ọ̀pọ̀ gègé ìgbà náà. Duofold sanra, ó sì pupa bí ọsàn tí ó pọ́n dáadáa. Lewis Tebbel, ẹni tí ń bójú tó títa gègé Parker ní agbègbè Spokane ní apá ìwọ̀-oòrùn, ni ó rọ ilé-iṣẹ́ náà láti ṣe é. Dọ́là 7 ni wọ́n ń tà á, iye tí ó ga fún gègé ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlérí kan tì í: bí ó bá bàjẹ́ láàárín ọdún 25, ilé-iṣẹ́ yóò tún un ṣe. Bí a bá ronú sí i, ìlérí olùkọ́ Janesville ni èyí, tí ó wá di ìlérí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí ó ṣe fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan nítorí ìtìjú ojú ni ó wá ń ṣèlérí fún àwọn tí kò ní rí ojú wọn láéláé. Ìlérí bẹ́ẹ̀ a sì máa tọ́ ọwọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí ó mọ̀ pé ohun tí òun ṣe lónìí yóò padà sọ́dọ̀ òun bí ó bá bàjẹ́ kò ní fi ojú tín-ínrín wo ìṣó tí ó kéré jù lọ nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Russell àti Kenneth, bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1929, àwọn tí ó lè san dọ́là 7 fún gègé kò pọ̀ mọ́, ilé-iṣẹ́ náà sì ṣe gègé olówó pọ́ọ́kú kan tí ń jẹ́ Parkette. Ní ọdún 1931 wọ́n gbé tàdáwà tiwọn jáde, tí ń jẹ́ Quink, èyí tí ń tètè gbẹ lórí ìwé. Ní ọdún 1933 gègé Vacumatic dé, tí kò lo àpò rọ́bà tí àwọn ti ìṣáájú ń lò. Ní oṣù keje ọdún 1937, George Safford Parker kú, ẹni ọdún 73. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1945, nígbà tí ilẹ̀ Japan fi ọwọ́ sí ìwé ìtẹríba nínú ọkọ̀ ogun Missouri, ọ̀kan nínú àwọn gègé tí Ọ̀gágun MacArthur fi kọ orúkọ rẹ̀ ni Duofold kékeré pupa tí ó jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ a máa kọjá lọ́wọ́ ẹnìkan sí òmíràn. Ti Parker bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè, lẹ́yìn náà ó tún padà sọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ní ọdún 2009 ni wọ́n sì kéde pé àwọn yóò ti ibi iṣẹ́ tí ó kù ní Janesville. Bíírò ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn gègé tí ó ti ọwọ́ Parker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà àti ní ọjà ohun àlòkù, tí wọn kò kọ mọ́ nítorí ohun kékeré kan. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ti fi títún wọn ṣe di iṣẹ́ ìgbádùn ọwọ́ dilẹ̀. Iṣẹ́ tí Parker fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti í ṣe é.

Èkíní, kí ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ má ṣe fi ọwọ́ kan gègé olówó ńlá. Parker ṣe gègé kan ní nǹkan bí ọdún 1906 tí ejò fàdákà lọ́ mọ́ lára; ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ kọ́ṣẹ́ yóò sọkún. Gègé bíi Parkette, tàbí Esterbrook ti ìlú Camden, ni ó yẹ. Ẹnu irin ni ti Esterbrook, ó sì ṣeé yí kúrò bí ìdérí ìgò, kí a fi òmíràn sí i. Kí a yan èyí tí ara rẹ̀ kò sán, tí ìdérí rẹ̀ kò là, tí ẹnu rẹ̀ sì pé. Àpò rọ́bà tí ó gbó kì í ṣe àbùkù lójú alátùn-únṣe. Ara tí ó sán ni àbùkù.

Ọ̀pọ̀ nínú gègé wọ̀nyí ní ọwọ́ irin kékeré ní ẹ̀gbẹ́. Bí a bá gbé e sókè, yóò tẹ àpò rọ́bà tí ó wà nínú, afẹ́fẹ́ a jáde. Bí a bá dá a padà, àpò náà a wú, a sì fa tàdáwà sínú. Rọ́bà náà ni ó ń kú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ a máa le gbagidi, a sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Bí ọwọ́ irin náà bá kọ̀ láti gbéra, kí a má ṣe fi agbára gbé e, nítorí àpò líle ni ó di í mú, irin náà a sì kán.

Láti tú gègé, kí a kọ́kọ́ fi ẹnu àti ọrùn rẹ̀ nìkan sínú omi tútù fún wákàtí díẹ̀, kí tàdáwà gbígbẹ lè yọ́. Kí a má ṣe lo omi gbígbóná. Rọ́bà líle, èyí tí a fi ímí-ọjọ́ sè, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ gègé àtijọ́, omi gbígbóná a sì sọ dúdú rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀. Kí a má sì ṣe gbé e súnmọ́ iná, nítorí ohun tí a ń pè ní celluloid ni wọ́n fi ṣe àwọn mìíràn, ó sì ń yára gbiná ju bébà lọ. Ooru díẹ̀ tí awọ ọwọ́ lè gbà ni ó tó, irú èyí tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun nígbà tí a bá mú un jìnnà. Lẹ́yìn náà kí a di ọrùn gègé mú, kí a máa mì í díẹ̀díẹ̀, kí a máa fà á. Bí ó bá kọ̀, kí a tún fún un ní ooru, kí a tún dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò sí ibi tí òwe yìí ti mú ju orí tábìlì alátùn-únṣe lọ.

Nígbà tí gègé bá ti tú, kí a ha gbogbo èérún rọ́bà àtijọ́ kúrò, kí a sì wá àpò tuntun tí ó bá ọrùn gègé mu. Nọ́ḿbà ni a fi ń mọ ìwọ̀n wọn: èyí tí ó bá jẹ́ 16 fẹ̀ ní ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta íǹṣì kan. Kí a gé e kí ó má gùn ju inú gègé lọ. Ohun tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ni ṣẹ́láàkì, oje tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀, tí a yọ́ sínú ọtí líle. Ìdí kan wà tí a fi ń lo ṣẹ́láàkì, tí a kì í lo àtè òde òní tí kì í tú mọ́. Ooru díẹ̀ lè tú ṣẹ́láàkì ní ọdún 30 sí àsìkò yìí, nígbà tí àpò tuntun bá tún di àtijọ́. Alátùn-únṣe rere a máa rántí alátùn-únṣe tí ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Kí a fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí a fi páúdà díẹ̀ pa àpò náà lára kí ó má lẹ̀ mọ́ ògiri inú gègé, kí a sì dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ó ku ẹnu gègé. Kí a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ẹ̀ka méjì ni ó ní, ó yẹ kí ṣóńṣó wọn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, gègé yóò máa ha ìwé bí adìyẹ ti ń ha ilẹ̀. Èékánná ni kí a fi tẹ èyí tí ó ga, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí a tún wò ó. Kí a fi omi dán gègé wò kí a tó fi tàdáwà sí i. Tàdáwà tí a ṣe fún fáúntéènì nìkan ni kí a lò; èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò a máa dì sínú ojú ọ̀nà rẹ̀, a sì sọ gbogbo làálàá wa di asán.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ yìí kò ní sọ wá di ọlọ́rọ̀, kò sì pọn dandan kí gbogbo wa ṣe é. Ohun tí ó wà nínú ìtàn Parker fún wa ju ọ̀rọ̀ gègé lọ. Àwa náà yóò máa fi nǹkan lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́: ọ̀nà ìṣirò, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àpẹẹrẹ ìwà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í ṣe àwa ni a ṣe é. Inú ìwé ni a ti rí i, tàbí lẹ́nu àwọn tí ó kọ́ wa. Nígbà tí ọmọ bá gbé e padà wá pé kò ṣiṣẹ́, a lè sọ pé ẹni tí ó kọ ìwé ni kí ó lọ bá. A sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí a tú u, kí a wo ibi tí ó ti ń jò. Ọ̀nà kejì yìí ni Parker yàn ní Janesville, nígbà tí kò tí ì sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ bí kò ṣe àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀.